Ẹ̀rọ Tí Ìwé Pa

Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ojú, tí ìjọba sì fún ní ìwé, ojú ni kí ó máa fi ka ìwé. Kí ó má ṣe fi ìwé bo ojú. Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀ Ògúndáre fi ìwé bo ojú ní tirẹ̀, ó sì rò pé fìlà ni òun dé.

Ní ọdún 1994, ní òpópónà kan ní Igbó-Elérin tó yà kúrò lójú títì Badagry, ilé alájà kan wà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ibùdó Ẹ̀kọ́ Àgbà ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Awakọ̀, télọ̀, agbálẹ̀, bíríkìlà, gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ kò rí owó ilé-ìwé san nígbà tó wà ní kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndáre ni alákòóso ibùdó náà. Èkìtì ni wọ́n ti bí i, Ẹsíteètì Ìbà ló ń gbé, ó sì dá a lójú pé bí òun kò bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ láti Òjó títí dé Ìjanikin.

Ohun méjì ló fi ń yangàn: láptọ́ọ̀pù kan àti gbólóhùn kan.

Láptọ́ọ̀pù ni kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé lọ gbé bọ̀ bí àpótí kékeré. Nígbà náà, àwọn tó ní i ládùúgbò kò pé ìka ọwọ́ kan. Olú-iṣẹ́ ló fún ibùdó náà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, 286 sì ni nọ́ńbà irú rẹ̀; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ẹ̀rọ ṣe jẹ́ tuntun tó. Ní gbogbo òwúrọ̀, bí ọkọ̀ ọ̀gá bá ti dúró, Ràímì tó ń ṣọ́ géètì á ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, á gbé ẹ̀rọ náà jáde nínú aṣọ àrán pupa tí wọ́n rán fún un, á sì máa rìn lọ níwájú bí ẹni gbé ìkókó. Ọ̀gá á máa tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ọ̀gá bá yọ gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dìde, títí di ọjọ́ tí olùkọ́ ìṣirò gba ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ pé kí ló rí tó fi jókòó nígbà tí ohun èlò ìjọba ń kọjá. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń dìde fún àrán.

Bí òǹkàwé bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gá fúnra rẹ̀ mọ ẹ̀rọ náà lò, kí ó ní sùúrù. Ọ̀gá mọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Tinúọlá, akọ̀wé rẹ̀, ló mọ ìyókù.

Gbólóhùn rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀: OJÚ KÌ Í BÁ ÌWÉ JIYÀN. Kì í ṣe ẹnu lásán. Olùkọ́ kan padà dé láti ìsinmi rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó dé, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ fáìlì ti fi ọjọ́ mẹ́jọ kún un ní àṣìṣe. Ọ̀gá wo fáìlì, ó wo olùkọ́ náà tó dúró síwájú rẹ̀, ó tún wo fáìlì. Ó ní, "Ìwé sọ pé Ìjẹ̀bú-Igbó lo wà. Padà síbẹ̀." Ọkùnrin náà padà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún òmùgọ̀, kí ó rántí pé òun náà ti dá owó sí ọjà tí wọ́n ń tà.

Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti kú, kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí lára iná. Ìlà dúdú kan fà wá sí ojú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ bí ilà pélé. Èyí tó burú jù ni pé ẹnu tí wọ́n ń ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ti dì, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú nǹkan mìíràn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìlélọ́gọ́ta ló ti ṣe ìdánwò àṣekágbá ní oṣù kejìlá. Àwọn olùkọ́ ka máàkì wọn, Tinúọlá sì ń tẹ̀ ẹ́ wọlé bí wọ́n ti ń kà á. Ìwé ìdánwò gan-an, jíjó ni òfin sọ pé kí wọ́n jó o lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tinúọlá wá bá ọ̀gá, ó ṣàlàyé: yálà kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun báyìí, tàbí kí wọ́n tún èyí ṣe báyìí, tàbí ó kéré tán kí òun tẹ ìwé-ẹ̀rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde kí ẹ̀rọ tó ṣe ohun tó máa ṣe.

Ọ̀gá gbọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Tinúọlá, ìwé-ẹ̀rí tí ẹ̀rọ àtijọ́ bá tẹ̀, àtijọ́ ni. Ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn wọ̀nyí di ọ̀mọ̀wé àtijọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé? A máa ra tuntun."

"Ìgbà wo, sà?"

"Ìgbà tó bá tọ́."

Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìdúró náà.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀gá lọ sí Alábà, sí ṣọ́ọ̀bù Kàmọ́rù. Kàmọ́rù ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì ń ta tòkunbọ̀. Òun náà wà lára àwọn méjìlélọ́gọ́ta tó ṣe ìdánwò. Ọmọ ogójì ọdún tó lè tú tẹlifíṣọ̀n palẹ̀ kó sì tò ó padà, ṣùgbọ́n tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ títí ó fi dé Igbó-Elérin. Ó gba alákòóso tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà wá, ọjọ́ méjì péré ni òun máa fi tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Bí tuntun ni wọ́n bá sì fẹ́, 386 kan wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn, kò tíì pẹ́ tó dé.

Ọ̀gá wo 386 náà lọ́tùn-ún lósì. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ṣùgbọ́n alákòóso ibùdó Ìjanikin, tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba fi ìpele kan rẹlẹ̀ sí tirẹ̀, 386 ni ó ń lò. Nínú ọkàn Ọ̀gbẹ́ni Ògúndáre, nọ́ńbà ẹ̀rọ àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì òṣìṣẹ́, ọ̀kan náà ni. Ṣé òun á wá bá ọmọ ẹ̀yìn òun dọ́gba?

"Ṣé nǹkan kan wà tó ju èyí lọ?"

"Ó wà, sà. 486. Kọ̀ńténà tó ń bọ̀ ló máa gbé e dé, bí oṣù méjì sí i."

"A máa dúró de òun."

Nígbà tó di oṣù kẹta, 486 dé. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n jó ìwé ìdánwò gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ràímì ló fi iná sí i lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá tún lọ sí Alábà. Kàmọ́rù ti fi aṣọ nu 486 náà, ó ń dán. Ọ̀gá béèrè bóyá nǹkan kan wà tó ju èyí náà lọ. Kàmọ́rù jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, òótọ́ sì ni ó sọ: àwọn ará Alábà ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńtíọ̀mù, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí i lórí láptọ́ọ̀pù.

Ọ̀gá jókòó sórí àpótí. Ó ronú. Bí òun bá ra 486 lónìí, Ìjanikin lè ra Pẹ́ńtíọ̀mù lọ́la, ojú á sì wá ti òun. Bí òun bá dúró, kò sí ẹni tó lè sọ pé ohun tí òun ní kéré, nítorí pé òun kò tíì ní i. Ẹni tí kò tíì yan, ta ló lè sọ pé ó yàn án sódì? Ọgbọ́n yìí jinlẹ̀ lójú rẹ̀ débi pé ó rẹ́rìn-ín.

"Kàmọ́rù, ẹni tó bá mọ ohun tó ń bọ̀ kì í ra ohun tó ti dé."

Kàmọ́rù ní, "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ báyẹn, ta ló máa ra ohunkóhun?"

Ọ̀gá wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ Ajé, ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún láti gba òun nímọ̀ràn lórí bóyá kí wọ́n rà á tàbí kí wọ́n dúró. Ìgbìmọ̀ náà jókòó lẹ́ẹ̀meje. Wọ́n ti mọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n tó jókòó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bisikíìtì wà. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ni pé kí wọ́n rà á, kí wọ́n sì dúró. Ọ̀gá ní òun kò rí ìgbìmọ̀ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Ọmọ́bọ́lá kò lè dúró ní tirẹ̀. Felicia Ọ̀ṣunbíyìí ni orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́gísítà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ará Ọ̀yọ́, aláṣọ funfun ni ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ó ti ń gbálẹ̀ ní ọsibítù kan fún ọdún mẹ́rìnlá. Ní ọdún kan, nọ́ọ̀sì kan rán an níṣẹ́ pé kó mú káàdì ẹnì kan wá kíá láti inú yàrá káàdì. Ó mú ti ẹlòmíràn wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ló wá forúkọ sílẹ̀ ní Igbó-Elérin. Ọdún mẹ́ta ló fi ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Òkókómáikò, ó sì wá mọ̀wé. Ní báyìí, ọsibítù ti sọ pé àyè kan ṣí nínú yàrá káàdì gan-an, òun ni àwọn fẹ́ fún. Kó ṣáà mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wá kó tó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún, òun á sì máa gbálẹ̀ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ó wá ní oṣù kẹrin. Ó wá ní oṣù karùn-ún. Nígbà tó wá ní oṣù kẹfà, ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí Tinúọlá tẹ tèmi nìkan. Mi ò wá èyí tó rẹwà. Èyí tí wọ́n á ṣáà lè kà ni."

Ọ̀gá dìde kó tó dá a lóhùn, nítorí kì í jókòó sọ ohun tó bá jinlẹ̀. Ó sọ fún un pé ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè yìí wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìdúró í dúró. Ó ní àgbàdo kì í gbó lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín. Ó ní ẹ̀rọ tó ń bọ̀ yìí, bó bá tẹ orúkọ Felicia, àwọn dókítà fúnra wọn á dìde fún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú, orúnkún obìnrin náà sì wà ní ilẹ̀. Ní ìparí, ó ní kí ó lọ fọkàn balẹ̀, òun ti fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn.

Ìyá Ọmọ́bọ́lá dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. Ó ní, "Inú ọkàn yín kọ́ ni wọ́n ní kí n mú wá, sà." Ó sì kí wọn, ó lọ.

Ní oṣù yẹn kan náà, ọ̀gá kọ̀wé sí olú-iṣẹ́ pé kí wọ́n fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ tuntun, kí ó lè wà nílẹ̀ de Pẹ́ńtíọ̀mù. Olú-iṣẹ́ dáhùn ní ìlà méjì: ibùdó tó bá ní ẹ̀rọ tó wà láàyè kò lè gba òmíràn. Ọ̀gá ka ìwé náà tán, ó pe Tinúọlá pé kó wá tẹ lẹ́tà. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń sọ, akọ̀wé ń tẹ̀:

"Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń sọ fún yín pé láptọ́ọ̀pù ibùdó yìí, nọ́ńbà kẹrìnlá nínú ìwé ẹrù, jáde láyé ní òwúrọ̀ òní lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Ó sin ìjọba tọkàntọkàn. Kò sí ìrètí pé ó lè jí mọ́. Kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ara rẹ̀."

Orí láptọ́ọ̀pù nọ́ńbà kẹrìnlá ni Tinúọlá ti ń tẹ lẹ́tà náà. Ó tẹ̀ ẹ́ títí dé gbólóhùn ìkẹyìn, ó dáwọ́ dúró.

"Sà, àwọn méjìlélọ́gọ́ta ṣì wà nínú rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ó sì ń ṣiṣẹ́, sà. Òun la fi ń kọ ọ́ pé ó ti kú."

Ọ̀gá na ọwọ́ sí gíláàsì tó wà lára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀. Tinúọlá tẹ gbólóhùn náà, ó so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òkú ẹ̀rọ sì tẹ ìwé ikú ara rẹ̀ jáde láìṣe àṣìṣe kan. Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Owó jáde. Gbogbo èèyàn rò pé wọ́n máa rà á. Ṣùgbọ́n Pẹ́ńtíọ̀mù kò tíì dé, ọ̀gá sì ní òun kò lè fi owó ìjọba ra ohun tó máa gbó.

Nísinsìnyí, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí ọ̀gá gbàgbé. Ẹrù ìjọba kì í kú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí àga bá kán, bí fáànù bá jóná, bí ìwé bá ti sọ pé ó kú, ìgbìmọ̀ kan wà tó máa ń wá gba òkú náà, wọ́n á kó o lọ sí olú-iṣẹ́, wọ́n á sì lù ú ní gbàǹjo fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Bó ti rí láti ayé òyìnbó nìyẹn.

Ní oṣù kẹjọ, ìgbìmọ̀ náà dé, àwọn mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá ni olórí wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń fi pẹ́ńsùlù sẹ́yìn etí. Nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì, Tinúọlá ń tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ náà. Akíntọ́lá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, ṣé olóògbé nìyí?"

Ọ̀gá ní òun ni.

"Ó ń ṣiṣẹ́."

Tinúọlá gbé ojú sókè wo ọ̀gá. Ìmọ́lẹ̀ ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ náà. Òtítọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀gá ì bá sọ níbẹ̀: pé òun kọ irọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́, orúkọ èèyàn méjìlélọ́gọ́ta wà níbẹ̀. Ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ kan ni ì bá gbà, kò sì ní pa á. Òun fúnra rẹ̀ ti fún èèyàn mẹ́tàlélógún ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló wà láàyè.

Ó gbá agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá, kí ni ìwé sọ?"

"Ó ní ó ti kú, sà."

"Kí ló wá kù?"

Akíntọ́lá ti rí ohun tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó fa okùn iná yọ lára ògiri. Nítorí pé bátìrì ti kú tipẹ́, ojú ẹ̀rọ náà ṣú lọ́gán. Ó ní, "Ó ti wá bá ìwé mu wàyí," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ràímì ló gbé e jáde sínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n gba àrán lára rẹ̀, nítorí àrán kò sí nínú ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ dìde bó ti ń kọjá.

Tinúọlá tẹ̀ lé ọ̀gá wọ inú yàrá, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó kọ̀wé kan kí wọ́n dá a padà, ojú Ìyá Ọmọ́bọ́lá kò kúrò lọ́kàn òun. Ọ̀gá ní bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, àwọn máa wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní kí ó dúró.

Ó dúró títí di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ yẹn ni Arábìnrin Victoria Ọláńrewájú, ọ̀gá àgbà láti olú-iṣẹ́, ní òun ń bọ̀ wá fi ọwọ́ ara òun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé-ẹ̀rí. Kò sí ìwé-ẹ̀rí. Kò sí Pẹ́ńtíọ̀mù. Ọ̀gá ronú títí, ojútùú sì dé. Ó ní kí wọ́n ra páálí funfun tó dára, kí wọ́n ká a bí ẹní, kí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù pupa dì í. Wọ́n gé àrán ẹ̀rọ náà ṣe rìbọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá gbà á á lọ sílé, ayẹyẹ á ti parí. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé, wọ́n á pè wọ́n padà wá fún èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí.

Wọ́n ta àtíbàbà sí àgbàlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ tó dára jù tí wọ́n ní. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fi ara rẹ̀ wé òpó, ó fi wé àtùpà, ó fi wé afárá tí àwọn òpè gbà kọjá. Olùkọ́ ìṣirò ló kọ́kọ́ ń pàtẹ́wọ́ nígbà gbogbo.

Wọ́n pe Felicia Ọ̀ṣunbíyìí. Ó jáde nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ Arábìnrin Ọláńrewájú. Gbogbo ẹni tó ti gbà á ṣáájú rẹ̀ ti padà lọ jókòó pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù. Òun kò lọ. Ọ̀la ni ọgbọ̀n ọjọ́. Ó tú rìbọ́ọ̀nù níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó tẹ́ páálí náà. Ó yí i padà. Ó tún yí i padà.

Ó ní, "Màdámù, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí nǹkan níbí."

Ọ̀gá yára sún mọ́ ọn, ó rọra sọ fún un pé ìwé ni, kí ó ká a padà, kí ó lọ jókòó.

"Sà, ẹ ti kọ́ mi ní ìwé kíkà." Kò pariwo, àmọ́ gbogbo àgbàlá gbọ́ ọ. "Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ẹ bá fún mi ní èyí, màá jó relé. Màá gbé e kọ́ ògiri. Mo ti mọ̀wé, sà. Kò sí nǹkan níbí."

Ìgbà yẹn ni ìró rìbọ́ọ̀nù tó ń tú bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà.

Arábìnrin Ọláńrewájú yíjú sí alákòóso, ó béèrè ibi tí èsì ìdánwò wà. Ọ̀gá ní ìbànújẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ tó gbé èsì náà dání ti jáde láyé. Kí ó tó parí rẹ̀, Kàmọ́rù ti dìde lẹ́yìn, ó gbé nǹkan kan tó fi aṣọ àǹkárá dì sí àyà. Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní òun ti fẹ́ fi ṣe ohun ìyàlẹ́nu fún ọ̀gá lẹ́yìn ayẹyẹ ni. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n lu àwọn òkú ẹrù ní gbàǹjo ní olú-iṣẹ́. Òun lọ síbẹ̀ nítorí òun mọ̀ pé orúkọ òun wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ra òkú, ó sì bọ́ sí òun lọ́wọ́. Òun ti tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Ó tú aṣọ náà, ó gbé láptọ́ọ̀pù nọ́ńbà kẹrìnlá ka orí tábìlì, Tinúọlá sì ti fa okùn iná wá kó tó béèrè.

Ẹ̀rọ náà ké fín. Ìlà dúdú yọ. Lẹ́yìn ìlà náà, orúkọ àwọn èèyàn méjìlélọ́gọ́ta tò sísàlẹ̀.

Arábìnrin Ọláńrewájú tẹ̀ ba, ó ka orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó na ọwọ́ sí akọ̀wé rẹ̀, wọ́n fún un ní fáìlì, ó yọ lẹ́tà ikú náà jáde. Ó kà á sókè, títí dé "kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ara rẹ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni Ògúndáre, ṣé ìwé yín ló purọ́ ni, àbí ojú mi?"

Ẹ wò ó, obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Ká ní ó wí pé, "Ìwé mi ni, Màdámù, ẹ forí jì mí," bóyá wọ́n á gbé e lọ sí ibùdó kékeré kan, kí ó máa ka ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀gá wo ojú ẹ̀rọ tó ń tàn. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó ń retí kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó pa á. Ó tún agbádá rẹ̀ gbé.

"Ẹ̀rọ yìí ti kú, Màdámù. Ojú kì í bá ìwé jiyàn."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, Tinúọlá ti so òkú mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ sì ti ń jáde pẹ̀lú ariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ Ọ̀ṣunbíyìí. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìyá Ọmọ́bọ́lá kò jẹ́ kí wọ́n ká a. Ó kà á látòkè délẹ̀ kí ó tó dúpẹ́, ó sì gbé e ní títẹ́ rekọjá títì lọ sí ọsibítù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà kan dé ibùdó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ògúndáre dúró síwájú géètì bí ìṣe rẹ̀. Géètì kò ṣí. Ó fọn fèrè. Ràímì yọjú pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa.

Ọ̀gá ní, "Ràímì, ṣí géètì."

"Sà, ìwé kan dé láti olú-iṣẹ́. Ó ní ẹ kò sí níbí mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù."

"Ṣé o kò rí mi ni?"

Ràímì wò ó dáadáa, láti orí fìlà dé bàtà.

"Mo rí yín, sà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun máa dúró níbẹ̀ títí olú-iṣẹ́ á fi kọ òmíràn tó dára ju èyí lọ. Ràímì ronú sí i díẹ̀, ó sì gbé àga kan jáde fún un síta géètì, nítorí pé ìwé kò sọ ohunkóhun nípa àga.